Daniel O'Connell, Agbẹjọ́rò àti Aṣojú Àwọn Ará Írẹ́lándì (1775–1847)

Àwọn bàbá wa a máa sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Òwe yìí kò ṣòro fún ìránṣẹ́ tí ọ̀gá kan ṣoṣo rán. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí ó dìde níwájú adájọ́, àti aṣojú tí ìlú yàn lọ sí ilé ìgbìmọ̀, ta ni ó rán wọn? Ṣé ẹni tí ó san owó ni? Ṣé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó dìbò ni? Tàbí Ọlọ́run, ẹni tí ó fi ẹ̀rí-ọkàn sínú olúkúlùkù? Ní oṣù yìí a fẹ́ fi ìtàn Daniel O'Connell síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ni, ìjọ tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjọ Àgùdà. Ìbéèrè yìí bá a rìn láti ìgbà èwe rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Níbòmíràn ó dáhùn rẹ̀ dáradára, níbòmíràn ẹ̀wẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

A bí O'Connell ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1775, nítòsí ìlú Cahersiveen ní ẹkùn Kerry, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Írẹ́lándì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìdílé wọn, a gbé e fún àwọn tálákà kan tọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́, èdè Írẹ́lándì ni ó sì kọ́kọ́ fọ̀ kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Arákùnrin bàbá rẹ̀, Maurice O'Connell ti Derrynane, ọlọ́rọ̀ tí kò ní ọmọ, gbà á ṣe ọmọ ó sì rán an lọ sí ilé ìwé.

Kí a lè mọ ohun tí ó dojú kọ, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa òfin ilẹ̀ náà nígbà náà. Èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ará Írẹ́lándì jẹ́ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n agbára ìjọba wà lọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, Ìjọ Áńgílíkà sì ni ìjọ tí òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àgbẹ̀ Kátólíìkì a máa san ìdámẹ́wàá láti fi bọ́ àlùfáà ìjọ tí òun kì í wọ̀. Òfin ti dínà ilẹ̀, dínà ẹ̀kọ́, ó sì dínà ipò ọlá mọ́ wọn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, nítorí ìbátan wa ni ìjọ tí a ń sọ yìí. Nígbà tí a bí O'Connell, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú àwọn ìdè náà.

Nítorí náà ilẹ̀ Faransé ni a rán ọmọ náà lọ kàwé ní ọdún 1791, ní St. Omer àti lẹ́yìn náà ní Douai. Ìṣọ̀tẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé bá a níbẹ̀. Ní oṣù Jánúárì 1793, nínú oṣù kan náà tí wọ́n bẹ́ orí ọba wọn, ó sá kúrò ní ìlú náà. Ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì kórìíra ìtàjẹ̀sílẹ̀ ní orúkọ òmìnira títí láé. Ó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ òfin, nítorí pé òfin ọdún 1792 ti gba àwọn Kátólíìkì láàyè láti ṣe agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1798 a gbà á sí iṣẹ́ náà ní Dublin. Ní ọdún náà gan-an ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Írẹ́lándì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ṣègbé.

Òfin gbà á láàyè láti rojọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á láàyè láti gòkè. Kátólíìkì kò lè di adájọ́, kò sì lè wọ aṣọ agbẹjọ́rò ọba. Lọ́dọọdún ni O'Connell ń wo àwọn tí kò tó o nínú ìmọ̀ bí wọ́n ti ń kọjá rẹ̀ lọ sí àga gíga. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti kọ ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ ìbá ti ṣí ilẹ̀kùn fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣí fún àwọn mìíràn. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń gba ẹjọ́ àwọn tálákà àti ọlọ́rọ̀ rò láti ìlú dé ìlú, òkìkí rẹ̀ sì kàn, nítorí pé ó mọ bí a ti ń fi ìbéèrè tú àṣírí ẹlẹ́rìí èké.

Ní ọdún 1813 ni a kọ́kọ́ rí ibi tí iṣẹ́ yìí ti le. Ìjọba mú John Magee, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn kan ní Dublin, wá sí ilé ẹjọ́, nítorí pé ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ líle sí Duke ti Richmond tí ó ń ṣojú ọba ní Írẹ́lándì. Pùròtẹ́sítáǹtì ni Magee, ṣùgbọ́n O'Connell ni ó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Kò sí Kátólíìkì kan nínú júrì, ó sì dá O'Connell lójú pé ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kò ṣìpẹ̀. Ó fi wákàtí púpọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba, àti lu William Saurin, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, lójú ara rẹ̀. Inú àwọn ará Írẹ́lándì dùn. A tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, a sì ń kà á káàkiri. Ṣùgbọ́n Magee ni ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, òun ni a sì bù ní ìtanràn £500.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé O'Connell fi ẹjọ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣe àpótí tí ó dúró lé láti sọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé bí ó ti wù kí ó fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ tó, júrì náà kò ní dá ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwa rò pé ẹni tí ó wà nínú ewu ni ó yẹ kí agbẹjọ́rò máa wò, kì í ṣe àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ilé ẹjọ́. Bí ọ̀ràn ìlú bá tóbi jù ọ̀ràn ẹnìkan lọ, kí a kọ́kọ́ bi ẹnìkan náà bóyá ó fẹ́ fi ara rẹ̀ rú ẹbọ fún ìlú.

Èyí tí ó tẹ̀lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1815 O'Connell pe ìgbìmọ̀ ìlú Dublin ní alágbe níwájú àwùjọ. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ D'Esterre, bínú, ó sì pè é sí ìjà ìbọn ojúkojú, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọlọ́lá ìgbà náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ìjọ O'Connell ka irú ìjà bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìtìjú ayé bò ó mọ́lẹ̀, ó sì lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Fẹ́búárì wọ́n yìnbọn sí ara wọn. Ọta O'Connell ba D'Esterre, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. O'Connell kò gbàgbé rẹ̀ mọ́ láyé. Ó ń san owó ìtọ́jú fún ọmọbìnrin olóògbé náà títí òun fúnra rẹ̀ fi kú, a sì ròyìn pé nígbà tí ó bá ń lọ gba Ara Olúwa, a máa bo ọwọ́ tí ó fi yìnbọn náà. Ọkùnrin tí ó ti kọ̀ láti ta ìjọ rẹ̀ nítorí oyè ni ó kọ etí dídi sí ìjọ kan náà nítorí ẹ̀gàn ènìyàn. Ẹ̀rí-ọkàn ẹni kò sí lójúfò níbi gbogbo bákan náà.

Ní ọdún 1823 O'Connell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Kátólíìkì sílẹ̀ láti béèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn Kátólíìkì wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní London. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn olówó nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1824 ni O'Connell mú ìmọ̀ràn kan wá: kí ẹnikẹ́ni tí ó bá san kọ́bọ̀ kan lóṣù di ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn àlùfáà gba owó náà jọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, láti abúlé dé abúlé. Owó náà pọ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó ju owó lọ. Àgbẹ̀ tí ó san kọ́bọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó rán O'Connell níṣẹ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí iṣẹ́ náà ti rí.

Ní ọdún 1828 àyè ṣí ní ẹkùn Clare. Òfin kò dí Kátólíìkì lọ́wọ́ láti díje. Ìbúra tí a máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bá yàn ni ó ń tì í sóde. O'Connell díje. Ẹni tí ó bá a du ipò náà, Vesey Fitzgerald, kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ti ń sọ̀rọ̀ rere fún àwọn Kátólíìkì, àwọn onílẹ̀ ẹkùn náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kékeré, tí ilẹ̀ wọn ń mú ṣílè 40 wá lọ́dún, ni ó ní ìbò tí ó pọ̀ jùlọ. Gbangba ni a ń dìbò nígbà náà, onílẹ̀ sì lè lé ẹni tí ó bá kọ̀ fún un kúrò lórí ilẹ̀. Wọ́n mọ èyí; síbẹ̀ wọ́n tẹ̀lé àwọn àlùfáà wọn lọ sí Ennis, wọ́n sì dárúkọ O'Connell sókè. Ìbò 2,057 ni ó ní, Fitzgerald sì ní 982.

Ẹ̀rù ba ìjọba pé ogun yóò bẹ́ sílẹ̀. Duke ti Wellington àti Robert Peel, tí wọ́n ti lòdì sí ọ̀ràn náà fún ọdún púpọ̀, ni wọ́n fúnra wọn mú òfin wá tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn Kátólíìkì. Ọba fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 13 oṣù Épírì, ọdún 1829. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ lọ́nà tí kò fi kan ẹni tí a ti yàn ṣáájú rẹ̀, èyíinì ni O'Connell. Nígbà tí ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Méè, ìbúra àtijọ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó kà á jẹ́ẹ́, ó sì sọ fún wọn pé apá kan nínú rẹ̀ òun mọ̀ pé kì í ṣe òtítọ́, apá kejì ẹ̀wẹ̀ òun kò gbà á gbọ́. Nítorí náà òun kò ní búra. Wọ́n ní kí ó jáde. Ó jáde, ó padà sí Clare, àwọn ènìyàn sì tún yàn án ní oṣù Júláì láìsí olùdíje. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Àga Ilé Ìgbìmọ̀ ni a ta fún O'Connell lọ́jọ́ náà, kò sì fi èké rà á.

Bí a bá dá ìtàn náà dúró síhìn-ín, yóò dùn, ṣùgbọ́n kò ní pé. Ní ọjọ́ tí ọba fọwọ́ sí òfin yẹn ni ó fọwọ́ sí èkejì rẹ̀, èyí tí ó gba ìbò kúrò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ oníṣílè 40. Láti ìgbà náà ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń mú £10 wá lọ́dún ni yóò máa dìbò ní ìgbèríko. Iye àwọn olùdìbò já wá sílẹ̀ láti bí 216,000 sí bí 37,000. Àwọn tí ó fi ilé àti ilẹ̀ wọn wewu ní Ennis ni wọ́n fi san owó ilẹ̀kùn tí O'Connell gbà wọlé. Kì í ṣe ohun tí ó bá a lójijì. Ní ọdún 1825 òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé kí a ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó tó yí ọkàn padà, tí ó sì ṣe ìlérí pé òun kò ní fi àwọn ènìyàn náà sílẹ̀. Ní ọdún 1829 ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo agbára rẹ̀ jà bí ó ti jà nítorí ìbúra.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáradára. Nítorí ìbúra, ó kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ọkàn ti ara rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Nítorí ìbò àwọn tálákà, ó gbà bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn, nítorí pé ìpín àwọn ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ó bá ń gbẹnu sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rí i pé ó rọrùn láti pa ọwọ́ ara ẹni mọ́ ju láti pa ẹ̀tọ́ àwọn tí ó rán ni mọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé ìbá dára kí ó kọ ohun gbogbo. Gbogbo orílẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn yẹn ṣí fún. Ṣùgbọ́n gbèsè ni ó jẹ, gbèsè àwọn ará Clare.

Ní oṣù Ọ̀kitóbà ọdún kan náà, O'Connell ń sinmi ní Derrynane nígbà tí ìránṣẹ́ kan gun ẹṣin dé láti Cork, ìrìn nǹkan bí máìlì 90. A ti mú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ agbègbè Doneraile pé wọ́n di rìkíṣí láti pa àwọn adájọ́ ìgbèríko. Ìgbẹ́jọ́ àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ti parí, a sì ti dá wọn lẹ́jọ́ ikú lórí ẹ̀rí àwọn amí. O'Connell gbéra, ó rìn mọ́jú, ó sì wọ ilé ẹjọ́ ní Cork bí ẹjọ́ àwọn tí ó kàn ti ń lọ lọ́wọ́. A sọ pé búrẹ́dì àti wàrà ni ó ń jẹ níbẹ̀ bí ó ti ń tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì fi ìbéèrè tú ẹ̀rí àwọn amí náà ká. Júrì kejì kò lè fi ohùn ṣọ̀kan. Júrì kẹta dá àwọn tiwọn sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ pàápàá bọ́ lọ́wọ́ okùn, a rán wọn lọ sí òkè òkun dípò rẹ̀. Níhìn-ín kò sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú gígùn bí ti ọjọ́ Magee. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà nílẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn ni ó sì rojọ́ fún.

Láti ọdún 1830 ó jókòó nínú Ilé Ìgbìmọ̀. Ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń dá owó fún un lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ a máa fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ó fi ipò náà ṣe kò mọ sí ti ìjọ rẹ̀ nìkan. Ó béèrè òmìnira fún àwọn Júù tí òfin dí lọ́wọ́ bí ó ti dí òun tẹ́lẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó jà fún àwọn ẹrú. Ó wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn pé kí a fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí òfin ọdún 1833 ṣe. Nígbà tí a sì tún fi orúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ so àwọn ẹrú náà mọ́ àwọn olówó wọn, ó gbógun ti èyí pẹ̀lú títí ó fi dópin ní 1838. Àwọn ọdún náà ni ọkọ̀ ẹrú ṣì ń kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí Brazil àti Cuba. Kò yẹ kí àwa gbàgbé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún wa nígbà tí a kò lẹ́nu níbẹ̀.

Ọ̀ràn yìí ná an ní owó. Àwọn ọmọ Írẹ́lándì tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń fi owó ránṣẹ́ láti ràn án lọ́wọ́ nínú ìjà tí ó ń jà pé kí Írẹ́lándì tún ní ilé ìgbìmọ̀ ti ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn fara mọ́ oko ẹrú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ní ọdún 1843, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ní Cincinnati kọ̀wé láti gbè sẹ́yìn oko ẹrú, ó fi ìwé gígùn dá wọn lóhùn, ó sì rán wọn létí pé Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún ti dá òwò ẹrú lẹ́bi ní 1839. Kátólíìkì kò lè fi ìsìn rẹ̀ bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà tú ká nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1845 Frederick Douglass, ẹni tí ó ti bọ́ nínú oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Dublin, ó sì bu ọlá fún un. A rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: àwọn tí ó rán O'Connell lówó fẹ́ kí ó fi ẹrú sílẹ̀, òun sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ.

Ní ọdún 1841 ó di olórí ìlú Dublin, Kátólíìkì àkọ́kọ́ ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún, lórí ìgbìmọ̀ kan náà tí ó ti pè ní alágbe. Ní 1843 ó pe àwọn àpéjọ ńlá jọ káàkiri Írẹ́lándì. Èyí tí ó kẹ́yìn ìbá wáyé ní Clontarf ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀kitóbà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, ìjọba fi òfin dè é, wọ́n sì kó ọmọ ogun jọ. Àwọn ènìyàn ti wà lójú ọ̀nà. O'Connell rán àwọn ìránṣẹ́ lọ dá wọn padà, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin sọ pé ojo ni, agbára rẹ̀ lórí wọn sì dínkù láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí ilẹ̀ Faransé ní 1793, tí ó sì ti pa D'Esterre, mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ń ná ni. Síbẹ̀síbẹ̀ ìjọba gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Júrì tí kò sí Kátólíìkì kan nínú rẹ̀ dá a lẹ́bi, ó sì wà lẹ́wọ̀n láti òpin oṣù Méè títí di oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1844, nígbà tí Ilé Àwọn Olóyè ní London yí ìdájọ́ náà padà.

Àgbà ti dé, àìsàn sì dé. Ní 1845 ọ̀dùnkún, tí í ṣe oúnjẹ tálákà Írẹ́lándì, bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà lóko, ìyàn sì mú. Ní oṣù Fẹ́búárì 1847 ó sọ̀rọ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Ohùn tí àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ń gbọ́ ní pápá gbangba ti rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó súnmọ́ ọn fi ń nà etí. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn ènìyàn òun là. Lẹ́yìn náà ó gbéra lọ sí Róòmù, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Ó kú ní Genoa ní ọjọ́ 15 oṣù Méè, 1847. A gbé ọkàn-àyà rẹ̀ lọ sí Róòmù, a sì gbé òkú rẹ̀ padà sí Dublin, a sin ín ní Glasnevin, ní itẹ́ òkú tí òun fúnra rẹ̀ ti sapá fún pé kí a lè máa sin àwọn ọmọ ìjọ gbogbo síbẹ̀ láìsí ìyàtọ̀.

Òfin ọdún 1869 tú okùn tí ó so Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Írẹ́lándì mọ́ ìjọba, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1871. Ìjọ náà kò kú. Ó ń bá iṣẹ́ Ọlọ́run lọ láìgba ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, a sì gbàgbọ́ pé ó sàn fún un bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni a ń yàn láti sọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn: olùkọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwé, aṣojú ìjọ nínú sínọ́ọ̀dù, àgbà níwájú ọba, agbẹjọ́rò ní kóòtù. Kò sí ẹni tí yóò gbé ìbúra àtijọ́ lé wa lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìdánwò Clare kò tíì kúrò nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún wa, kí a bojú wẹ̀yìn kí a tó wọlé, kí a wo àwọn tí ó rán wa, kí a sì mọ ẹni tí a fẹ́ kí ó dúró sóde.